Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán

Ìyá kan wà ní ọjà Ìsọlọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ti ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ le lórí òṣùwọ̀n, kì í tajà àwìn, kò sì sí ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó lè jókòó gẹlẹtẹ nígbà tí oníbàárà bá dúró. Ẹfúnṣetán ni àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ń pè é lẹ́yìn. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀ lójú, ó sì ń jẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ ra ẹ̀wà olóyin, ó gbé kóńgò sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní: "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní yunifásítì, ṣé lóòótọ́ ni obìnrin yẹn burú tó bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fíìmù? Àbí nítorí pé obìnrin ni?"

Mo fún un ní irú èsì tí olùkọ́ máa ń fúnni nígbà tí kò bá ní èsì. Mo ní ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọn ẹ̀wà mi, kò sì fi ènì sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé mo mọ̀ pé ọwọ́ èmi gan-an kò mọ́ níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà, mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀kọ́ lórí ipò obìnrin nínú ìtàn Yorùbá. Ìtàn ni mo wí, n kò wí pé eré onítàn. Nínú ìdánwò, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìbàdàn ṣe kú àti ohun tí ó fa ikú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé májèlé ni ó gbé jẹ nígbà tí Ààrẹ Látóòsà ṣẹ́gun rẹ̀. Mo fi bírò pupa sàmì sí i pé ó gbà á. Àgbà olùkọ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìtàn ni ó bá mi yẹ ìwé náà wò. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìka tọ́ka sí àmì pupa náà, kò sì sọ ohunkóhun. Ìbá sàn fún mi bí ó bá bú mi. Èmi tí mo ti ka ìwé òpìtàn tí mo sì ti ka ìwé eré, eré ni ó jókòó sí ọkàn mi gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Kí ni àkọsílẹ̀ sọ? Samuel Johnson ń gbé ní Ìbàdàn ní ìgbà ayé Látóòsà. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kò jáde títí di 1921, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di olóògbé. Ó sọ fún wa pé ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ fi kan Ìyálóde. Èkíní ni pé kò bá òun lọ sójú ogun. Èkejì ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun. Ẹ̀kẹta ni pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àwọn ẹ̀sùn náà kà. Kò sí èyí tí ó mẹ́nu ba ẹrú nínú wọn. Kò sí èyí tí ó sọ pé ó pa aboyún. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1874. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún kan náà, méjì nínú àwọn ẹrú rẹ̀ pa á nínú yàrá tí ó sùn sí. Kúmúyìlọ, ọmọ tí ó gbà tọ́, wà nínú àwọn tí wọ́n fi owó rà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ tún fi kún ìmọ̀ wa nínú ìwé kan tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin inú ìtàn Nàìjíríà. Ó fi yé wa pé oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, tí ó ń fún àwọn olórí ogun ní ohun ìjà ní àwìn, tí kò sì fara mọ́ ọ̀nà tí Látóòsà ń gbà ṣe ogun rẹ̀. Bí èmi bá jẹ obìnrin kan ní gbèsè ìbọn àti ẹ̀tù, tí obìnrin náà sì ní òun kò ní í fún mi mọ́, tí èmi sì wá di Ààrẹ lórí gbogbo ìlú, n kò rò pé yóò pẹ́ kí n tó rí ẹ̀sùn mẹ́ta.

Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, Ẹfúnṣetán tí kò ní ọmọ láyé ṣe òfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún. Àwọn ènìyàn bẹ̀bẹ̀ títí, Ìyálóde kò gbọ́, a sì bẹ́ Adétutù lórí. Látóòsà kó ogun jáde láti gba ìlú lọ́wọ́ ìkà, Ìyálóde sì fi májèlé gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sín. Wọ́n ṣe eré yìí ní pápá ìṣeré ní Ìbàdàn níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Bankole Bello sọ ọ́ di sinimá. Láti ìgbà náà, bí a bá ti dárúkọ Ẹfúnṣetán, ojú òṣèré ni a ń rí, ohùn òṣèré ni a ń gbọ́. Ní tòótọ́, Johnson náà sọ pé ó le mọ́ àwọn ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ìyẹn kọ́ ni a ṣe pa á.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń pe Ìṣọ̀lá ní òpùrọ́. Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá jẹ ẹ́ ní gbèsè tí a kò lè san tán, kí ó tó jáde láyé ní 2018 àti lẹ́yìn rẹ̀. Kò pe ìwé rẹ̀ ní ìwé ìtàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ó kọ ọ́, ohun tí ó sì ń wá ni ohun tí gbogbo oníṣẹ́ eré ń wá: ẹni ńlá tí àṣejù rẹ̀ yóò wó o lulẹ̀. Àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì ṣe bẹ́ẹ̀. Shakespeare náà mú Richard Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ọ́ di abuké ẹlẹ́mìí èṣù. Nígbà tí wọ́n hú egungun ọba náà ní ìlú Leicester ní 2012, wọ́n rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe abuké. Ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún ni eré fi wà níwájú, kí egungun tó sọ ti ẹnu rẹ̀.

Síbẹ̀, Ìṣọ̀lá kan náà ni ó fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Nígbà tí ó kọ *Ṣaworoidẹ* fún Túndé Kèlání, èyí tí ó jáde ní 1999, ìlú Jogbo ni ó dá sílẹ̀, ìlú tí kò sí lórí máàpù kankan, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé ilé wa ni. Ó sọ ohun gbogbo tí ó fẹ́ sọ nípa ọba ọ̀dàlẹ̀ àti ológun tí ó fi ìbọn gba ìjọba, kò sì ba orúkọ òkú kankan jẹ́. Ìlú tí a dá sílẹ̀ kò ní ọmọ bíbí tí yóò sunkún pé a bú baba òun. Aníkúlápó tí Kunle Afolayan gbé jáde ní 2022 gba ọ̀nà tí ó fara jọ ọ́: Ọ̀yọ́ ni ó pe ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn àròsọ ni ó fi kún inú rẹ̀. (Èyí kò dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró. Mo ti rí i nínú ìwé ìdánwò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Èmi tí mo sàmì sí májèlé kò ní ẹnu tí n ó fi bá wọn wí.)

Ẹni tí ó bá lo orúkọ òkú gan-an, nǹkan kan wà tí ó mú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní Ìsọlọ̀ àti Mafolúkù, kò sí òpópónà tí ẹ ó gbà tí ẹ kò ní í rí i lára ògiri kan, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé náà kì í ṣe títà. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń ta ilé onílé nígbà tí onílé bá rìnrìn àjò. Òkú ni ẹni tí ó rìnrìn àjò jìnnà jù lọ. Kò ní ògiri, kò ní ọ̀dà.

Mo máa ń ronú kan Òkè-Àfá nítorí èyí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn ènìyàn sáré nínú òkùnkùn, wọ́n kó sínú odò tí ó wà ní Òkè-Àfá níhìn-ín. Àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ìrántí wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Bí ẹnìkan bá dìde lónìí tí ó ṣe fíìmù tí ó sọ nínú rẹ̀ pé ìyá báyìí ni ó ti ọmọ rẹ̀ sínú omi, tí ó sì dárúkọ ìyá náà, àdúgbò kò ní í gbà fún un. Ìyá wà láyé, aládùúgbò wà láyé, àbúrò wà láyé. Ojú tí ó rí i kò tíì pa dé. Ti Ẹfúnṣetán ti pa dé pátápátá, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tí ó bá wù ú. Ṣé ohun tí ó tọ́ yí padà nítorí pé ẹlẹ́rìí ti kú ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ìbẹ̀rù wa.

Ẹnìkan lè sọ pé ó yẹ kí a máa yin òkú nígbà náà. Rárá o. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí oríkì àwọn jagunjagun Ìbàdàn: ìkà wọn wà níbẹ̀, olè tí wọ́n jà wà níbẹ̀, àbùkù ara wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọlá wọn. Oríkì a máa sọ ohun tí kò dára nípa ẹni tí ó ń kì. Ṣùgbọ́n kò ní ìparí. Apohùn tí ó dé lọ́la lè fi tirẹ̀ kún un, èyí tí ó takò ti àná, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ó dákẹ́. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì ni, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, orin sì ń sọ fún wa ìgbà tí ó yẹ kí a kórìíra.

Mo tún ní láti yí ọ̀rọ̀ mi padà díẹ̀, nítorí pé àwọn kan ti dìde báyìí tí wọ́n fẹ́ sọ Ẹfúnṣetán di akọni tí kò ní àbàwọ́n, obìnrin tí àwọn ọkùnrin pa nítorí pé kò forí balẹ̀. Ìdajì òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Johnson kọ ọ́ pé ẹrú tí ó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó ẹgbàá (2,000), láìka àwọn ti ilé. Ẹgbàá ènìyàn tí a kó lójú ogun, tí olúkúlùkù ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bí a bá sọ pé òkú kan ní ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ wa, àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ òkú. Ní ti èyí, Ìṣọ̀lá ṣe ohun tí òpìtàn kò ṣe: ó fún ẹrúbìnrin kan ní ẹnu, ó mú kí pápá ìṣeré odindi sunkún nítorí rẹ̀. Adétutù kò gbé ayé rí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ gbé e.

Níbo wá ni àṣìṣe wà? Mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ ẹ̀wà olóyin, ibi tí mo bá a sí kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ẹfúnṣetán rárá. Ọ̀dọ̀ Látóòsà ni. Nínú eré, òun ni olùgbàlà. Ó dé pẹ̀lú ogun, òǹwòran sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Látóòsà ní ẹrú. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún Adétutù ní ẹrú. Iṣẹ́ ogun Ìbàdàn nígbà náà ni kí a kó ènìyàn wálé, títí tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi parapọ̀, tí wọ́n kọ̀, tí ogun Kírìjì sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 lábẹ́ Látóòsà yìí kan náà. Ẹ̀ṣẹ̀ odindi ìlú ni eré kó jọ, ó dì í ní ẹrù kan, ó gbé e ru obìnrin kan ṣoṣo. Nígbà tí ó kú, ẹrù náà bá a lọ. Ìlú mọ́. Àwa òǹwòran náà mọ́ pẹ̀lú wọn, a dìde lórí àga wa pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run Gáà ṣe rí náà nìyẹn, yálà nínú eré Adébáyọ̀ Fálétí tí ó jáde ní 1972 tàbí nínú *House of Ga'a* tí Bolanle Austen-Peters gbé jáde ní 2024. Gáà mú ọba kan kú lẹ́yìn òmíràn, títí Abíọ́dún fi borí rẹ̀ ní 1774. A kórìíra Gáà, a fẹ́ràn Abíọ́dún, a sì lọ sùn. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù, tí Gáà ń fi orúkọ wọn kọ ọba, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í rántí pé ní ìgbà Abíọ́dún tí a fẹ́ràn yìí ni òwò ẹrú Ọ̀yọ́ gbilẹ̀ sí i ní etí òkun, ní ọ̀nà Àjàṣẹ́. Fíìmù tí yóò fi èyí hàn yóò ṣòro láti pàtẹ́wọ́ fún.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé níhìn-ín. Oṣòdì tí a ń wọ mọ́tò kọjá lójoojúmọ́, a máa ń gbọ́ pé orúkọ Balógun Oṣòdì Tápà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ Tápà ni, ó dé Èkó ní kékeré, ẹrú ní ilé Ọba Òṣìnlókùn ni. Ó di olórí ogun Kòsọ́kọ́, ó dojú ìjà kọ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1851, ó bá olúwa rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn ní Ẹ̀pẹ́, ó padà ní 1862, ó sì kú ní 1868, lẹ́yìn tí òun náà ti di ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ ẹrú. Ta ni ìkà nínú ìtàn yìí? Ta ni olùgbàlà? Mo fẹ́ rí ẹni tí yóò ṣe fíìmù rẹ̀ láìkọ́kọ́ pín wọn sí apá ọ̀tún àti apá òsì.

Mo padà sí ọjà, mo rò ó fún ìyá oníréẹ̀sì bí mo ṣe rò ó níhìn-ín. Ó fi ìka ka ẹ̀sùn mẹ́ta náà. Ó ní kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́, kò kí i kú àbọ̀. Ó mi orí. Nígbà tí mo dé orí ẹgbàá ẹrú, ó dá mi dúró. "Tíṣà, ta ní ń bọ́ gbogbo wọn?"

Ìbéèrè ọlọ́jà ni. Mo ní àwọn ni wọ́n ń dá oko, àwọn ni wọ́n ń bọ́ ara wọn, àwọn ni wọ́n sì ń bọ́ ọ. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òun náà wò ó, nítorí pé èmi kò wo ibẹ̀ pẹ́. Ohun mìíràn ni mo rántí.

Ní nǹkan bí 2006, kí ìjọba tó tú ọjà abẹ́ afárá Oṣòdì ká ní 2009, àwọn tí ń ta àwo fíìmù a máa tẹ́ ọjà wọn sílẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Mo ra àwo Ẹfúnṣetán níbẹ̀ ní ọjọ́ kan, mo gbé e wálé fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀. Gbogbo wa jókòó. Ìyàwó mi ń ṣépè fún Ìyálóde. Àwọn ọmọ mi ń pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, tí wọ́n mú wá láti ìlú kan ní Òkè-Ògùn láti máa ràn wá lọ́wọ́ nínú ilé. Ẹnu ọ̀nà ìdáná ni ó dúró sí, àwo oúnjẹ alẹ́ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó láti ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó má jókòó. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó jókòó.

Nígbà tí ó parí, tí mo pa tẹlifíṣọ̀n, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, níbo ni wọ́n sin Adétutù sí?"

Mo ní eré ni. Ó ní òun mọ̀ pé eré ni. Lẹ́yìn náà ó kó àwo náà wọlé lọ láti fọ̀ ọ́.